Ẹ Wo Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Rán Ọmọ Lọ Kọ́ Òfin

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè má dùn létí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n bí a bá ń fi òótọ́ pamọ́ nítorí pé ó korò, owó ọmọ wa ni a ó máa fi ra àbámọ̀. Ìdí ọ̀rọ̀ náà nìyí: ọ̀pọ̀ òbí tí ó ń rán ọmọ lọ sí òkè òkun láti lọ kọ́ ìmọ̀ òfin kì í béèrè ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú. Wọ́n á béèrè iye owó. Wọ́n á béèrè bí físà ṣe ń yá sí. Wọ́n á béèrè bí òtútù ibẹ̀ ṣe mú tó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó jẹ́ ìyá gbogbo ìbéèrè, wọn kì í bi ọmọ náà: "Ilẹ̀ wo ni ìwọ yóò ti máa ro ẹjọ́?"

"Ìlú òyìnbó ni ìlú òyìnbó" ni orin tí àwọn alágbàtà tí wọ́n ń bá ènìyàn wá ilé-ẹ̀kọ́ máa ń kọ sí àwọn òbí létí. Orin yẹn gan-an ni mo dìde tako. Bí ó bá jẹ́ ìṣirò ni ọmọ fẹ́ kọ́, èmi náà ì bá gbè é, nítorí pé méjì lọ́nà méjì kò yàtọ̀ ní Ìbàdàn sí bí ó ṣe wà ní Boston. Bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn ni, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn kì í gba ọ̀nà mìíràn nítorí pé ó sọdá òkun. Òfin kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ní ààlà. Ibi tí ilẹ̀ ẹni tí ó ṣe é pin sí ni agbára rẹ̀ pin sí. Ìwé tí ó sọ ọ́ di amòfin níhìn-ín lè sọ ọ́ di òǹwòran ní ìrìn wákàtí mélòó kan sí ibẹ̀. Àwọn baba wa ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá ń wo ilé kí a tó fún ọmọ ní orúkọ, èéṣe tí a kò fi wo ilẹ̀ kí a tó fún un ní iṣẹ́ òfin?

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀. Wọ́n á ní, "Ṣé kì í ṣe London ni àwọn baba wa lọ?" Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ni wọ́n lọ. Christopher Alexander Sapara Williams, ẹni tí a bí ní Sàró sínú ẹbí tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di agbẹjọ́rò. Inner Temple ní London ni wọ́n ti gbà á wọlé sí iṣẹ́ náà ní 1879. Stella Thomas ni obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó dé ipò náà, ní 1933. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ ní 1944, wọ́n gbà á wọlé ní 1946, ó sì padà wá ṣí ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọ́n fi lọ? Kì í ṣe nítorí kí àwọn ará ilé lè máa sọ pé ọmọ wọn ń bẹ ní London. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ òfin kankan ní Nàìjíríà nígbà náà. Èyí tí ó tún ju ìyẹn lọ ni pé orí òfin wa gan-an, London ni ó wà. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ẹbí Olúwa ní Àpápá ní 1913, tí Olóyè Amodu Tijani Olúwa sì kọ̀, Privy Council ní London ni ẹjọ́ náà parí sí. Herbert Macaulay bá olóyè náà rin ìrìn-àjò náà ní 1920, ìdájọ́ sì gbè wọ́n ní 1921. Àwọn baba wa lọ sí ibi tí a ti ń pa ẹjọ́ ilẹ̀ wọn dé.

Ayé ti yí padà lẹ́yìn ìgbà náà. Ní 1962 ni a ṣe òfin tí ó dá Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà sílẹ̀, ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní Èkó ní 1963. Ọdún 1963 yẹn kan náà ni Nàìjíríà di rìpọ́blíkì, tí a gé okùn tí ó so wá mọ́ Privy Council. Láti 1997 ni olú ilé-ẹ̀kọ́ náà ti wà ní Bwari, lẹ́bàá Àbújá, Àbújá náà sì ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ wà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ àwọn baba wọ̀nyẹn lónìí, ìbéèrè tí wọ́n béèrè ni kí ó jogún, kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tí ó wà nítòsí wa hàn yín. Láti Èkó sí Kútọnu kò tó ìrìn-àjò ọjọ́ kan. Bí ọmọ wa bá dé Àjàṣẹ́ tàbí Kétu, Yorùbá ni wọn yóò fi kí i, ẹbí wa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n ń lò ní ilé-ẹjọ́ wọn, ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni ó ti wá: òfin tí a kọ sínú ìwé ní orí-orí, tí adájọ́ ń lọ wò. Tiwa jẹ́ ogún Gẹ̀ẹ́sì, tí ó gbára lé ìdájọ́ tí àwọn adájọ́ ìṣáájú ti dá. Ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ẹ̀kọ́ òfin ní Nàìjíríà, ilẹ̀ tí ó ń lo irú òfin Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́ kí ọmọ ti gba oyè rẹ̀ wá bí ó bá máa ro ẹjọ́ níhìn-ín. Accra tí ó jìnnà ju Kútọnu lọ wá sún mọ́ wa jù ú lọ nínú ọ̀rọ̀ òfin. A kì í fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà òfin. Kí a má tilẹ̀ sọ ti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìparí 2023, nígbà tí akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì kan ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ìjọba Nàìjíríà sì dáwọ́ dúró lórí gbígba ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024. Ọmọ tí ó fi òtítọ́ inú kàwé níbẹ̀ wá ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.

Bí ẹ bá rò pé ti Áfíríkà nìkan ni, ẹ jẹ́ kí a dé ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Òfin kan kọ́ ni wọ́n ń lò níbẹ̀. England àti Wales ní tiwọn pọ̀. Scotland ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tí ó ní àdàlù òfin àwọn ará Róòmù àtijọ́ nínú. Northern Ireland náà ní ilé-ẹjọ́ àti ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò tirẹ̀. Ọdún 3 ni oyè òfin ní England, ọdún 4 ni ní Scotland bí ọmọ bá fẹ́ oyè tí ó péye. Nísinsìnyí, alágbàtà á fi àwòrán Edinburgh han òbí, á ní, "Ẹ wo bí ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti lẹ́wà tó, owó oúnjẹ ibẹ̀ sì kéré sí ti London." Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí kò sọ ni pé òfin ilẹ̀ Scotland ni oyè òfin ibẹ̀ sábà máa ń kọ́ ọmọ, kì í ṣe èyí tí ilé-ẹjọ́ ní Manchester ń lò, kì í sì í ṣe èyí tí ilé-ẹjọ́ ní Ìkẹjà jogún. Yunifásítì bíi Dundee wà tí ó ń fi òfin England kọ́ ọmọ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè kò lè mọ èyí tí òun ń sanwó fún.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu ẹni tí ó lè ro ẹjọ́ nínú rẹ̀. Oyè òfin tí wọ́n ń pè ní JD jẹ́ ọdún 3 lẹ́yìn tí ọmọ bá ti kọ́kọ́ gba oyè mìíràn. Èyí tí àwọn ènìyàn wa ń sáré lé ni LLM, ọdún kan péré. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí orúkọ wọn ga jù, owó ẹ̀kọ́ ọdún kan yẹn ju 70,000 dọ́là lọ, láì tíì ka ilé àti oúnjẹ. Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ púpọ̀ ni kò ní jẹ́ kí ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní ilẹ̀ òkèèrè jókòó ṣe ìdánwò wọn kìkì nítorí LLM. New York ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ àjèjì. Ẹ sì gbọ́ èyí dáadáa: ìlànà New York fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní ilẹ̀ tí ó jogún òfin Gẹ̀ẹ́sì láti ṣe ìdánwò náà láì gba LLM rárá, bí iye ọdún àti ohun tí ó kọ́ bá ṣe déédéé pẹ̀lú tiwọn. Ó túmọ̀ sí pé àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa ta ilẹ̀ láti ra kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tí kò tì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá ní Louisiana wu òun yóò rí i pé òfin Faransé àti ti Sípéènì ni gbòǹgbò òfin ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Québec náà ti yàtọ̀ sí ìyókù Kánádà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọmọ tí ó sọ pé òun yóò padà wálé, nítorí pé àwọn ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí òbí wọn ń bi mí ní ìbéèrè. Ìṣirò tí òbí ń ṣe ni pé ọdún 5 ni ọmọ yóò lò ní yunifásítì Nàìjíríà, ọdún 3 ni ní England, nítorí náà ó ti jèrè ọdún 2. Kò rántí pé nígbà tí ọmọ náà bá dé, Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà yóò kọ́kọ́ fi í sí Bar Part I, níbi tí yóò ti kọ́ ìlànà ètò òfin Nàìjíríà, òfin ìpilẹ̀ wa, òfin ìwà ọ̀daràn wa àti òfin ilẹ̀ wa, kí ó tó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kàwé nílé wọ Bar Part II. Ohun mẹ́rin wọ̀nyẹn ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọdún púpọ̀ jẹ lẹ́nu. Òun yóò gbé e mì láàárín oṣù díẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ìdajì àkókò ni ó fi gba oyè rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọn yóò ti dá a dúró.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àṣà àti èdè, tí ó sì fi kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1940, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Suberu Dawodu kú ní Èkó, ó fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni kí a fi pín ogún rẹ̀ ni, tí a ó pín in sí ọ̀nà mẹ́rin fún ìyàwó mẹ́rin pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn? Tàbí orí-òjorí ni, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ọgbọọgba? Adájọ́ àkọ́kọ́ rò pé ayé ìdí-igi ti kọjá. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ú lọ yí i padà ní 1958, Privy Council náà sì fọwọ́ sí i ní 1962 pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àti pé bí àwọn ẹbí bá ń jà, olórí ẹbí lè pàṣẹ pé kí wọ́n lo orí-òjorí. Ẹjọ́ yìí kò tíì kú. Ẹbí tí bàbá kú láì kọ ìwé ìhágún tí ó sì ní ìyàwó púpọ̀ ṣì ń bá a pàdé.

Ẹ wá sọ fún mi, yàrá ìkàwé wo ní Leeds tàbí ní Houston ni wọn yóò ti jókòó fún oṣù mẹ́ta lórí ìdí-igi? Ta ni yóò kọ́ ọmọ náà pé ẹni tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò dà bí ẹni tí ó háyà ilé, pé sísan ìṣákọ́lẹ̀ ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé elòmíràn ni ó ni ilẹ̀? Ta ni yóò là á yé e pé ilẹ̀ tí a fi dógò kì í di tí ẹni tí ó gbà á, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, àti pé ẹni tí ó bá pè é ní títà ti gba ilẹ̀ baba ẹni lọ? Nígbà tí bàbá àgbà kan bá dúró ní ilé-ẹjọ́ gíga, tí ó ń fi Yorùbá jẹ́rìí, tí ògbufọ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, agbẹjọ́rò tí kò gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀ kò ní mọ̀ nígbà tí ògbufọ̀ bá sọ "fi dógò" di "tà". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ṣubú, ilẹ̀ ẹbí kan ni ó bá a lọ. Ohun tí wọ́n sì fi ń rántí Sapara Williams títí di òní kì í ṣe pé ó dé London nìkan. Wọ́n ń rántí rẹ̀ fún bí ó ti mọ òfin ìbílẹ̀ tí a kò kọ sínú ìwé tó.

Ọ̀rọ̀ owó náà ń kọ́? Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, owó oúnjẹ àti ilé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi hàn kí ó tó rí físà gbà di £1,483 lóṣù kan fún ẹni tí yóò gbé London, àti £1,136 fún ẹni tí yóò gbé ibòmíràn, fún oṣù 9. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: £13,347 ní London, £10,224 níta London. Ìyàtọ̀ £3,123 nìyẹn kí ọmọ tó san kọ́bọ̀ owó ẹ̀kọ́, owó náà sì ti tún gòkè lẹ́yìn ìgbà náà. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, ẹni tí ó ń lọ kàwé oyè kejì tí a ń kọ́ ní kíláàsì kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ẹni tí ó bá sì ní lọ́kàn pé òun yóò dúró ṣiṣẹ́, kí ó gbọ́ èyí. Láti oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2021, ẹni tí ó bá fẹ́ di solicitor ní England àti Wales ní láti ṣe ìdánwò SQE, kí ó sì ní ìrírí iṣẹ́ ọdún 2. Ìwé ìgbélùú lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2021 jẹ́ ọdún 2, ṣùgbọ́n ìjọba wọn kéde ní 2025 pé yóò di oṣù 18 fún ẹni tí ó bá béèrè fún un láti 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2027. Iṣẹ́ ń béèrè oṣù 24, ìwé ìgbélùú ń fúnni ní oṣù 18. Ta ni yóò fi oṣù 6 dí àárín wọn? Àfi kí ọmọ ti ní ìrírí díẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ó rí agbaniṣíṣẹ́ tí yóò dúró fún un. Ní Amẹ́ríkà, oṣù 12 ni àǹfààní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ òfin. Àfikún oṣù 24 tí ẹ ń gbọ́, ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ ni.

A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà mo gbọ́dọ̀ sọ ti apá kejì. Àwọn kan wà tí London tọ́ sí gan-an. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ọkọ̀ ojú omi, ti epo rọ̀bì àti ti báńkì láàárín orílẹ̀-èdè ni wọ́n kọ ọ́ sínú wọn pé òfin Gẹ̀ẹ́sì ni yóò darí wọn, London ni wọ́n sì ti ń parí ìjà wọn. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yẹn, kí ó lọ, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ. Ọmọ tí ó bá ti pinnu pé Amẹ́ríkà ni òun yóò gbé títí, kí ó lọ gba JD, nítorí ẹni tí ó bá gbà á ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí lè ṣe ìdánwò ní ìpínlẹ̀ èyíkéyìí. Àwọn mìíràn á ní ètò ẹ̀kọ́ wa nílé kò dúró, pé ìyanṣẹ́lódì ń jẹ ọdún ọmọ. Èmi kò ní jiyàn. Ọdún 2022 nìkan, oṣù mẹ́jọ ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba fi wà nílé. Ṣùgbọ́n ìdí láti kúrò nílé nìyẹn, kì í ṣe ìdí láti lọ sí ibikíbi tí alágbàtà bá na ọwọ́ sí. Ẹni tí iná ń lé kúrò nínú ilé ṣì ní láti wo ibi tí òun ń sá gbà.

Ìmọ̀ràn tèmi kò gùn. Kí òbí àti ọmọ jókòó, kí wọ́n kọ orúkọ ilẹ̀ tí ọmọ yóò ti ṣiṣẹ́ sórí ìwé, kí wọ́n tó kọ orúkọ yunifásítì kankan. Kí wọ́n ka ìlànà àwọn tí ó ń gba ènìyàn wọlé sí iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ yẹn fúnra wọn. Kí wọ́n má gbára lé ẹnu alágbàtà, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbé ọmọ lọ ni ó ń san owó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó wo ìlú: owó ilé, ibi tí ẹbí tàbí ará ilé wa wà tí ọmọ lè sá tọ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá, bóyá Peckham ni tàbí Houston. Bí ilé bá sì ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ, kí ọmọ kẹ́kọ̀ọ́ nílé, kí wọ́n gbà á wọlé sí iṣẹ́ nílé, kí ó tó lọ wá oyè kún oyè lókè òkun. Agbẹjọ́rò tí ó ti gbówọ̀ nílé lè ṣe SQE láì sí pé wọ́n ń béèrè ìrírí ọdún 2 yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn òkè òkun kò tì sí ẹni tí ó bá ti ilé jáde. Ẹni tí ó bá lọ láì mọ ilé ni ilẹ̀kùn méjèèjì lè tì mọ́.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí ọmọ tí a fi owó oko àti owó ilẹ̀ rán lọ má baà padà wá bá ẹjọ́ ilẹ̀ baba rẹ̀ ní kóòtù, kí ó sì nílò ògbufọ̀ láti gbọ́ ọ. Ire o.